Ẹ Má Dúró ní Ẹsẹ Kẹfà

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*

*Bíbélì kíkà:* 2 Àwọn Ọba 4:1-7

*Kókó ọ̀rọ̀:* Ọlọ́run tó mú kí òróró pọ̀ sí i, òun náà ló ní kí wọ́n fi san gbèsè.

Ẹni tó ti wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ síbi iṣẹ́, ẹni tó ṣì ń múra àwọn ọmọ fún ilé ìwé, ẹni tó ti ń pàtẹ ọjà, Ọlọ́run á ṣáájú gbogbo wa lónìí o. Àmín.

Kí ẹ tó ka ohun tí mo kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣí Bíbélì yín. Ẹsẹ méje péré ni. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì ka èkejì jẹ́jẹ́. Àlàyé tèmi kò gbọdọ̀ gba ipò Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀.

Ṣé ẹ ti kà á? Ó dáa.

A mọ ibi yìí dáadáa. Òróró opó ni. A ti fi gbàdúrà ní ìsọjí, a ti fi gbàdúrà ní ìṣọ́ òru, a ti ké pé òróró wa kò ní dúró láé. Àdúrà tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò: ní ẹsẹ kẹfà, òróró náà dúró. Ìtàn náà kò sì tíì parí. Ó ku ẹsẹ kan. Ọ̀pọ̀ wa máa ń pa Bíbélì dé ní ẹsẹ kẹfà, nígbà tí gbogbo ìkòkò ti kún, tí ayọ̀ sì gba ilé kan. Ẹsẹ keje ni mo fẹ́ ká jọ dé lónìí, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ ọjà wa, tó wọ agboolé wa, tó wọ inú fóònù wa. Ṣùgbọ́n a ò ní fò débẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká máa bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

*Ẹsẹ 1: Olówó dé*

Obìnrin kan ké pe wòlíì Èlíṣà. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ wòlíì, ó sì ti kú. Ó rán Èlíṣà létí pé òun náà mọ ọkọ òun sí ẹni tó bẹ̀rù Olúwa. Síbẹ̀, ọkùnrin yìí fi gbèsè sílẹ̀, olówó sì ti dé láti kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì lọ ṣe ẹrú.

Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run kú sínú gbèsè. Kí ló fà á? Bíbélì kò sọ. Ìtàn kan wà láàárín àwọn Júù, Josephus tó jẹ́ òpìtàn wọn náà kọ ọ́ sílẹ̀, pé Ọbadáyà tó jẹ́ ìríjú ààfin Áhábù ni ọkùnrin yìí, pé owó tó yá láti fi bọ́ àwọn wòlíì tó fi pa mọ́ sínú ihò ló di gbèsè sí i lọ́rùn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Kò sí nínú ẹsẹ tí a kà. Ohun tí a kà kò ju méjì lọ: ó bẹ̀rù Olúwa, ó sì jẹ gbèsè.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ará kan tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, ẹ má yára sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ló fà á. Owó ilé ìwosàn lè fà á. Ọjà tó jóná lè fà á. Owó oṣù tí kò wọlé lè fà á. Àṣejù náà lè fà á, a ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ká tó dájọ́, ká bi í kí ló ṣẹlẹ̀. Èlíṣà kò sọ gbólóhùn kan láti bá obìnrin yìí wí.

Ọ̀rọ̀ kí wọ́n wá kó ọmọ nítorí owó yìí kò yẹ kó ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Àwọn baba ńlá wa mọ ìwọ̀fà. Bí bàbá bá yá owó, ó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe lójoojúmọ́ ni èlé owó. Wọn kò ní yọ ọ́ títí wọ́n á fi san ojú owó pé. Wọ́n tún ní ológò láyé ọjọ́un, ẹni tí olówó máa ń rán lọ jókòó ti ajigbèsè nílé, táá máa pariwo, táá máa bú u, títí ojú á fi ti gbogbo agboolé.

Lónìí, inú fóònù ni ológò ń gbé. Èèyàn á yá ₦10,000 lórí ápù kan, ọjọ́ ìsanpadà á kọjá, kó tó di alẹ́ wọ́n ti fi àtẹ̀jísẹ́ ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, sí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, sí pásítọ̀ rẹ̀, pé olè ni. Ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí mọ igbe tí opó yìí ń ké.

Ẹ tún wo ohun kan. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí wọ́n fi pe olówó yìí, òun náà ló wà nínú Ẹ́kísódù 22:25. Níbẹ̀, Ọlọ́run kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé bí wọ́n bá yá tálákà lówó, kí wọ́n má ṣe bí irú olówó bẹ́ẹ̀ sí i, kí wọ́n má sì gba èlé lọ́wọ́ rẹ̀. Léfítíkù 25:39 sì sọ pé bí òṣì bá mú kí arákùnrin wọn ta ara rẹ̀ fún wọn, wọn kò gbọdọ̀ lò ó bí ẹrú. Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé ohun tí Ọlọ́run ní kí wọ́n má ṣe gan-an ni ọkùnrin yìí wá ṣe lẹ́nu ọ̀nà opó. Bí a bá ń ka Bíbélì, ká máa jẹ́ kí ibì kan tan ìmọ́lẹ̀ sí ibòmíì. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

*Ẹsẹ 2: Kí lẹ ní nílé?*

Èlíṣà bi obìnrin náà ní ìbéèrè méjì: kí ni kí n ṣe fún ọ, àti kí lo ní nílé? Obìnrin náà ní òun kò ní nǹkan kan, àfi ìkòkò òróró kan. Mo fẹ́ràn "àfi" yẹn. Ẹnu rẹ̀ ti sọ pé kò sí, kó tó wá rántí pé nǹkan kan wà.

Ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, òróró ólífì kì í ṣe ti fífi àmì òróró yanni nìkan. Wọ́n ń fi se oúnjẹ, wọ́n ń fi tan fìtílà, wọ́n ń tà á lọ́jà. Ohun tó ní owó lórí ni. Èlíṣà kò wá nǹkan ẹ̀mí nínú ilé náà. Ọjà ló ń bèèrè. Àwa náà, kí la ní nílé? Ẹ̀rọ ìránṣọ tí a ti gbé sí kọ̀rọ̀. Iṣẹ́ irun tí a kọ́ kí a tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tó lè hu ẹ̀fọ́. Ẹ má sọ pé kò sí nǹkan kan kí ẹ tó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

*Ẹsẹ 3 sí 6: Ìkòkò òfìfo àti ilẹ̀kùn títì*

Èlíṣà ní kó lọ yá ìkòkò òfìfo lọ́wọ́ gbogbo aládùúgbò, kó má sì yá díẹ̀. Ẹ gbọ́ o: ẹni tí gbèsè ń lé, wọ́n tún ní kó lọ yá nǹkan! Ṣé gbogbo yíyá ló wá dọ́gba ni? Rárá. Ohun tó yá báyìí, ohun èlò iṣẹ́ ni, ìkòkò tí àwọn aládùúgbò lè gbà padà. Bíbélì kò fi ibí yìí kọ́ wa pé ká máa yá owó kiri, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe àwíjàre fún yín. Ìyàtọ̀ wà láàárín kéèyàn yá ẹ̀rọ tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́, àti kéèyàn yá owó aṣọ ẹbí.

Ẹ sì rántí àwọn aládùúgbò wọ̀nyẹn. Wọn kò lówó tí wọ́n fẹ́ fún un, ó kéré tán a ò kà á níbẹ̀. Ìkòkò òfìfo ni wọ́n ní. Òun náà ni wọ́n yá a, iṣẹ́ ìyanu sì gba inú rẹ̀ kọjá.

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ ń gbé ìkòkò wá, òun ń dà á. Àwọn ọmọ méjì tí olówó fẹ́ kó lọ, àwọn ló ń gbé ìkòkò fún ìyá wọn. Kò sí ẹni tó ń fi fóònù ká a sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ń lu ìlù. Nígbà tí ìkòkò tán, òróró dúró.

*Ẹsẹ 7: Ibi tí a máa ń fò*

Kí ni obìnrin yìí ṣe nígbà tí ilé kún fún òróró? Ó padà lọ sọ́dọ̀ Èlíṣà, ó sọ fún un. Kò ta ìkòkò kan kó tó lọ bèèrè ohun tó kàn. Èlíṣà wá fún un ní àṣẹ mẹ́ta, ẹ jẹ́ ká to wọ́n bí ó ṣe tò wọ́n: kó lọ ta òróró náà, kó san gbèsè rẹ̀, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ nínú èyí tó kù.

Títà. Sísan. Jíjẹ. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará. Jíjẹ ló kẹ́yìn. Gbèsè ló wà láàárín títà àti jíjẹ.

Èlíṣà kò ní kó ra aṣọ tuntun láti fi jẹ́rìí. Kò ní kó mú ìkòkò mẹ́wàá wá sọ́dọ̀ òun gẹ́gẹ́ bí ọrẹ ìdúpẹ́. A ò rí i níbì kankan nínú ẹsẹ méje yìí pé wòlíì gba nǹkan kan. Orí tó tẹ̀ lé ti ìyá Ṣúnémù, ẹ wá wo orí karùn-ún, Náámánì kó ẹ̀bùn wá, Èlíṣà kọ̀ ọ́. Géhásì ló sáré tẹ̀ lé ẹ̀bùn, ẹ sì mọ ohun tó bá a bọ̀.

Kò sì gbàdúrà kí olówó náà kú. Kò ní kí olówó gbàgbé. Olówó tó le koko yìí, tó fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ, Ọlọ́run ṣì fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ìyanu náà kò jẹ́ kí wọ́n jí owó ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ni mo fi ní ká má dúró ní ẹsẹ kẹfà. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ á máa gba àdúrà òróró, ṣùgbọ́n nígbà tí òróró bá dé, á lọ fi ṣe ayẹyẹ, ẹni tó jẹ ní gbèsè á sì máa wò ó lójú nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà.

*Ta ni olówó yín?*

Nígbà tí a bá gbọ́ "olówó", báńkì la máa ń rò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ilé wa dáadáa. Ìyá tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní ìkòríta, tó fún wa ní àwìn láti oṣù méjì sẹ́yìn, olówó wa ni. Ó ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ opó. Ọmọ kékeré tó bá wa tún iná ṣe tí a ní kó padà wá, olówó wa ni. Télọ̀ ni. Ẹlẹ́gbẹ́ wa nínú àjọ tí ó fẹ́ kó tirẹ̀ lóṣù yìí, tí a kò tíì dá tiwa, olówó wa ni. Jákọ́bù 5:4 sọ pé owó iṣẹ́ tí a dá dúró ń ké, pé igbe àwọn òṣìṣẹ́ sì ti dé etí Olúwa. A lè máa ké nínú àdúrà, kí owó ẹlòmíì tó wà lọ́wọ́ wa náà sì máa ké.

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Jésù ti san gbèsè mi." Òótọ́ ni, Kólósè 2:14. Ẹ kà á dáadáa, gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Kì í ṣe kóńgò ìrẹsì mẹ́ta. Ẹni tí Jésù san tirẹ̀ fún ló yẹ kó yára jù láti san ti ọmọnìkejì rẹ̀. Pọ́ọ̀lù tó wàásù oore-ọ̀fẹ́ jù lọ náà ló kọ ọ́ sí Fílémónì pé bí Ónẹ́símù bá jẹ ẹ́ ní ohunkóhun, kó kà á sí òun lọ́rùn, òun á san án. Àwọn àgbà wa sì ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀je. Ẹ̀rí wa náà ni igi yẹn máa ń dínà fún. Bí a bá fẹ́ wàásù fún ìyá oníresì, kí la fẹ́ sọ?

*Bí ẹ bá jẹ gbèsè*

Ẹ lọ bá a lónìí. Kì í ṣe ọjọ́ tí owó bá pé, lónìí. Ìtìjú ló máa ń mú ká gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, sísá yẹn ló sì ń dun olówó ju owó lọ. Ẹ sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé owó yín wà lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe fẹ́ san án nìyí." Ká ní ₦60,000 ni gbèsè náà, ọwọ́ yín sì lè ká ₦5,000 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjìlá ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì ní in lọ́wọ́. Títà, sísan, jíjẹ: bí owó bá wọlé, ẹ yọ ₦5,000 yẹn sọ́tọ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun tí kì í ṣe kòṣeémánìí.

Ẹ má sì fi ápù kan san ti ápù kejì. Láti 2022 ni FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ti gbé ìlànà kalẹ̀ pé kí àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Kí ọwọ́ yín tó tẹ ohunkóhun, ẹ wádìí bóyá wọ́n forúkọ sílẹ̀, ẹ sì ka iye tí ẹ máa san padà. Bí ó bá ti le kọjá agbára yín, ẹ ṣe bíi ti opó yìí: ẹ ké síta. Ẹ sọ fún ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán kí ológò tó dé. Ẹ má kú sínú ìtìjú.

*Bí wọ́n bá jẹ yín*

Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti gba owó yín, ẹsẹ keje jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ní ààlà. Nínú Diutarónómì 24, olówó kò gbọdọ̀ fi ọlọ ṣe ìdógò, torí ohun tí èèyàn fi ń wá oúnjẹ ni. Kò gbọdọ̀ wọ ilé ajigbèsè lọ fa ìdógò jáde. Bí aṣọ tálákà bá sì ni ìdógò, kó dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú, kó lè rí nǹkan fi bora sùn. Tí ẹ bá gba ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ télọ̀ nítorí gbèsè, kí ló fẹ́ fi san án? Ẹ má gbé orúkọ ará sórí ìkànnì ẹgbẹ́. Ẹ má bú u níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Ní Nehemáyà 5, àwọn èèyàn ké pé àwọn ti fi ọmọ àwọn sẹ́rú nítorí owó, Nehemáyà sì pe àwọn ìjòyè, ó ní kí wọ́n dá oko, ọgbà àjàrà, ilé àti èlé padà. Ó ka ara rẹ̀ náà mọ́ àwọn tó yánilówó. Ẹ bi Olúwa léèrè bóyá ẹnì kan wà tí ẹ lè fi sílẹ̀ fún pátápátá.

*Bí ẹ kò bá sí nínú méjèèjì*

Aládùúgbò ni yín nìyẹn. Ìkòkò òfìfo wo lẹ ní? Iwájú ilé yín tí ẹnì kan lè pàtẹ ọjà sí. Fíríìjì tó ní àyè. Ọkọ̀ tó ń lọ sí ọjà lófìfo. Ẹ yá a ní ìkòkò.

*Bá a ṣe kà á*

Ẹ wo ohun tí a ṣe láàárọ̀ yìí, kí ẹ lè máa dá a ṣe. A ka gbogbo rẹ̀ dé òpin. A ya ohun tí Bíbélì sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí àwọn èèyàn fi kún un. A wo ibòmíì nínú Bíbélì tó sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà. Lẹ́yìn náà la wá bi ara wa pé: ta ni mí nínú ìtàn yìí, kí ni mo sì máa ṣe kí oòrùn òní tó wọ̀? Bí ìbéèrè ìkẹyìn yẹn kò bá ní ìdáhùn, a kàn ka Bíbélì lásán ni.

*Iṣẹ́ òní:* Ẹ mú ìwé kan. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè, ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, àti iye rẹ̀, títí dé ₦200 ọlọ́kadà. Ẹ pe ẹnì kan nínú wọn kí alẹ́ tó lẹ́.

*Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà:* Bàbá wa, a dúpẹ́ pé o gbọ́ igbe opó. Gbogbo ẹni tí gbèsè kò jẹ́ kó sùn lóru àná, gbọ́ tiwọn náà. Ṣí ojú wa rí ìkòkò òróró tó wà nílé wa. Nígbà tí ó bá sì pọ̀ sí i, fún wa ní ọkàn tó máa san ohun tó jẹ kó tó jẹun. Àwa tí wọ́n jẹ lówó, fi àánú sí wa nínú. Má jẹ́ kí a gba ọmọ ẹnikẹ́ni nítorí owó. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.

Ọjọ́ á sàn wá o. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó lè ràn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹni tó jẹ yín ní gbèsè láti fi pòwe mọ́ ọn o! Ẹ pè é, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀la, tí Jésù bá fà á sẹ́yìn, a ó máa bá orí kẹrin yìí lọ láti ẹsẹ kẹjọ, lórí obìnrin ará Ṣúnémù. Ẹ kà á sílẹ̀ dè mí, kí ẹ sì kà á dé òpin.

Èmi ni ajíhìnrere yín nínú Olúwa.